Àtàǹpàkò Bàbá Adéṣiyùn

Èmi ni mo ń ṣọ́ réjísítà nílé ìtẹ̀wé wa l'Ókè-Bọ́là.
Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń fi bírò pupa fa ìlà
sábẹ́ orúkọ ẹni tó dé gbẹ̀yìn kí aago mẹ́jọ tó lù.
Bí mo bá ti fà á, ó parí.
Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà, ìsàlẹ̀ ìlà ni yóò kọ tirẹ̀ sí,
pẹ̀lú àlàyé.

Àlàyé! Ẹ bi mí léèrè àlàyé.
Mosúnmọ́lá ti sìnkú bàbá àgbà mẹ́ta láàárín oṣù méjì.
Táyà Máíkírà tó wọ̀ bẹ́ ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Ajé,
ó bẹ́ ní Ṣángo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
lọ́jọ́rú, òjò tí kò kan ẹnikẹ́ni nígboro
bá òun nìkan láti Ẹlẹ́yẹlé dé ẹnu ọ̀nà wa.
Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.
Wọn ò gbà mí síṣẹ́ pé kí n gbà á gbọ́.

Orúkọ àkọ́kọ́ lójú ewé, lójoojúmọ́, Adéṣiyùn ni,
Bàbá adìwépọ̀. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Láti Bẹẹrẹ ló ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀,
ó ní táyà ẹsẹ̀ òun kì í bẹ́.
Á gbá abẹ́ tábìlì rẹ̀, á po gọ́ọ̀mù,
á wá fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ìwé
bí ìyá àgbà ti ń ra ẹ̀yìn ọmọ tuntun lẹ́yìn ìwẹ̀.

Lóṣù Ẹrẹ́nà, Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ kan dé,
kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, wọ́n kàn án mọ́ ògiri.
Ó ní, "Bírò lè parọ́. Ìka kì í parọ́."
Ó wo réjísítà mi
bí ẹni tó fa iná mànàmáná wọlé ti ń wo àtùpà.

Lọ́jọ́ kejì Bàbá tẹ̀ ẹ́. Iná pupa.
Ó nu ìka mọ́ ṣòkòtò, ó tún tẹ̀ ẹ́. Pupa.
Ó lo tòsì. Ó fọwọ́ lómi ọṣẹ. Ó pọ́n ọn lá.
Pupa, pupa, pupa.
Ọmọkùnrin tó wá láti Dùgbẹ̀ yẹ ọwọ́ náà wò síwá sẹ́yìn,
ó ní, "Bàbá yìí ò ní ìlà lọ́wọ́ mọ́."
Ọdún méjìlélógójì tí ìka fi ń ka ìwé,
ṣé ìwé náà ló wá ka ìka tán?

Ìparí oṣù, ẹ̀rọ pọ ìwé rẹ̀ jáde:
Adéṣiyùn, ọjọ́ tó wá, òdo.
Mosúnmọ́lá, ọjọ́ tó wá, méjìlélógún.
Mo gbé réjísítà mi tọ Ọ̀gá lọ. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀,
òun á wò ó.
Ó ṣì wà níbi tí mo gbé e sí.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, ẹ má sọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá:
ọmọ Dùgbẹ̀ padà wá tún ẹ̀rọ ṣe,
òun àti Mosúnmọ́lá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ agéwèé,
ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì bá a lọ.
Láti ọjọ́ náà, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
Mosúnmọ́lá á yọ, oorun lójú, gèlè lọ́wọ́.
Á fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ ti ara rẹ̀,
á fi tòsì tẹ ti Adéṣiyùn.

Irọ́ tó ń pa tẹ́lẹ̀ ló ń mú un pẹ́.
Irọ́ ẹyọ kan yìí ti sọ ọ́ di ẹni tó ń tètè jí.
Ọ̀gá ń yangàn nípàdé: "Ẹ ò rí ohun tí ẹ̀rọ ṣe!"
Mo bá wọn pàtẹ́wọ́.

Bàbá ṣì ń buwọ́ lu réjísítà mi.
Á wo ẹ̀rọ lára ògiri, á rẹ ohùn sílẹ̀:
"Akọ̀wé, ṣé mo ti wá lónìí?"
Mo ní, "Ẹ ti wá, Bàbá."
Lẹ́yìn rẹ̀, lórí páálí ìwé, ẹnì kan ń yán.